Ìkòkò Comfort Nílé Edith

Ẹni tó bá wọ ilé Tíṣà Edith ní Mowo, àmù omi kan ló máa kọ́kọ́ rí kí Tíṣà tó jáde látinú yàrá. Ẹ̀gbẹ́ fíríìjì ló wà. Fíríìjì ọ̀hún tóbi, ó funfun, ọwọ́ ẹ̀ ń dán bíi fàdákà, àmọ́ ìwé ìdánwò àwọn ọmọ ilé ìwé ló kún inú ẹ̀ látọjọ́ tó ti kú. Inú àmù ni Tíṣà ti ń bu omi fálejò. Ara àmù yẹn dúdú, ó ń dán bí awọ ẹja àrọ̀, ikùn ẹ̀ rọra yọ síwájú bíi ti aboyún oṣù márùn-ún, ìlà wẹ́wẹ́ yí ọrùn ẹ̀ ká bí ẹni fi eyín òòyà tẹ̀ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ máa rí i pé àwọn nǹkan funfun kéékèèké kan wà lára ẹ̀, bí gaàrí tó dà sórí aṣọ dúdú. Àlejò tó bá mu omi tán, á fọwọ́ pa á lára. Kò sẹ́ni tí kì í fọwọ́ pa á.

"Tíṣà, ẹ̀yin lẹ mọ èyí?"

Ìbéèrè yẹn ló máa ń gún Edith nínú. Ó kàwé ìkòkò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó gbàwé ẹ̀rí, ọdún kẹwàá ẹ̀ rèé tó ti ń fi amọ̀ kọ́ àwọn ọmọ Mowo, síbẹ̀ ìkòkò tó rẹwà jù nílé ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀. Fún ọdún mélòó kan, ohun tó máa ń sọ fún wọn ni pé, "Mo rà á ni." Irọ́ ló ń pa. Kò rà á.

Ìgbà tí owó epo ṣì ń ṣàn nílẹ̀ yìí lọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dún 1978. Bàbá Edith, Ọ̀gbẹ́ni Obadiah Oyèbọ̀dé, akọ̀wé kóòtù ni, Ibereko ni wọ́n ń gbé, ìjókòó kejì lápá ọ̀tún sì ni tiwọn ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, kò sẹ́ni tó jẹ́ jókòó síbẹ̀. Owó Udoji, àfikún owó oṣù tí ìjọba fún àwọn òṣìṣẹ́, ni bàbá fi ra fíríìjì yẹn. Lọ́jọ́ tí Edith sọ fún wọn pé ìkòkò mímọ lòun fẹ́ kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, bàbá sọ ìwé ìròyìn kalẹ̀.

"Edith. Mo ra fíríìjì kí ìyá ẹ lè bọ́ lọ́wọ́ ìkòkò. Ìwọ wá fẹ́ lọ kàwé ìkòkò?"

"Bàbá, kì í ṣe irú ìkòkò yẹn. Ti iṣẹ́ ọnà ni."

Bàbá ò lóye ẹ̀, àmọ́ wọ́n gbà, torí pé kọ́lẹ́ẹ̀jì ni, wọ́n á sì fún un níwèé ẹ̀rí.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ náà wà lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, téèyàn bá ti kọjá Ijanikin. Gbogbo nǹkan ibẹ̀ ló tuntun nígbà yẹn, gbogbo ẹ̀ ló sì ti òkè òkun wá. Wíìlì tí wọ́n fi ń yí amọ̀, tòkè òkun. Ààrò oníná mànàmáná tí wọ́n fi ń sun ìkòkò, tòkè òkun. Àní amọ̀! Inú àpò ọ̀rá ló máa ń wà, ó funfun bíi láfún, ọkọ̀ òkun ló ń gbé e wá, bẹ́ẹ̀ amọ̀ etí ọ̀sà ń lẹ̀ mọ́ wọn ní bàtà bí wọ́n bá ń lọ sí kíláàsì, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà máa fi igi ha á dànù.

Olùkọ́ wọn ni Ọ̀gbẹ́ni Babátúnjí Oyèníran, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tìlú òyìnbó dé, ẹsẹ̀ ṣòkòtò ẹ̀ fẹ̀ débi pé á fi gbálẹ̀ tó bá ń rìn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó gbé ìsásùn ọbẹ̀ kan sókè.

"Ìkòkò tó bá ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ìyá yín lè ṣe é. Èyí tí ò wúlò fún nǹkan kan, tójú ò sì fẹ́ kúrò lára ẹ̀, ìyẹn niṣẹ́ ọnà."

Edith kọ ọ́ síwájú ìwé ẹ̀, ó fi rúlà fàlà sí i nídìí. Látìgbà náà, kò mọ ohun tó wúlò mọ́. Ọrùn ìkòkò ẹ̀ á ga tín-ín-rín bí ọrùn lékelèéke, ẹnu ẹ̀ á kéré débi pé bírò ò lè wọ̀ ọ́. Kò sì sẹ́ni tó mọ wíìlì í lò bíi tiẹ̀ ní kíláàsì. Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran á dé ìdí tábìlì ẹ̀, á mi orí, á ní, "Ó dáa." Lójú Edith, "Ó dáa" yẹn ju oúnjẹ ọ̀sán lọ.

Ọdún kejì ni Comfort Sewanu dé. Ilé ẹ̀kọ́ míì ló ti wá. Ọmọ Ègùn ni, láti abúlé kan lódìkejì ọ̀sà. Orin Ègùn wà lẹ́nu ẹ̀ tó bá ń sọ Yorùbá, á mú ìparí ọ̀rọ̀ lọ sókè bí ẹni ń béèrè nǹkan. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó jókòó sídìí wíìlì, amọ̀ fò, ó lọ bà sí búláòsì Edith, búláòsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Comfort bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbà tó yá, ó dìde nídìí wíìlì, ó lọ mú ìdí ìkòkò fífọ́ kan nínú àkìtàn, ó gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó kó amọ̀ lé e. Ó tẹ̀ ba, ó wá ń fẹ̀yìn rìn yí i ká, yípo yípo, ọwọ́ kan nínú, ọwọ́ kan lóde.

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ti Edith ló ga jù.

"Ẹ fún un ní ìgbálẹ̀ o! Kó kúkú máa bá wa gbálẹ̀ lọ!"

Comfort ò bínú. Ó ní, "Nílé wa, ìkòkò kì í yí. Èèyàn ló ń yí i ká."

Nígbà tó nà ró, ẹ̀rín tán. Ìkòkò tó wà nílẹ̀ yẹn rí roboto bí òṣùpá ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, kò fi rúlà wọ̀n ọ́n, kò fi nǹkan kan wọ̀n ọ́n. Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran wọlé. Kò sọ pé ó dáa. Ó kàn ń yí ìkòkò yẹn ká, òun náà, pẹ̀lú ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ gbàràmù ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta, ṣọ́ọ̀kì ti rún mọ́ ọn lọ́wọ́.

Nǹkan gbígbóná kan bọ́ sí Edith láyà bí ẹni gbé ẹ̀kọ gbígbóná mì láìfẹ́ ẹ. Kò tutù níbẹ̀ mọ́.

Owú kì í jẹ́ kéèyàn ríṣẹ́ míì ṣe. Edith á máa ka iye ìgbà tí olùkọ́ dúró nídìí tábìlì Comfort àti iye ìgbà tó dúró nídìí tiẹ̀. Tí wọ́n bá ti lọ jẹun, á fi okùn wọn ikùn ìkòkò Comfort, á lọ fi wọn tiẹ̀. Ó ń jowú ọwọ́ ẹ̀ tó gbòòrò, ó ń jowú bó ṣe máa ń jókòó sábẹ́ igi àgbọn jẹ gaàrí láìwo ọ̀tún láìwo òsì. Èyí tó dùn ún jù níbẹ̀ ni pé Comfort ò mọ̀ pé àwọn ń sáré. Ìwọ ń sáré títí àyà rẹ fẹ́ já, ẹni tí ẹ jọ ń sá a ń rìn jẹ́jẹ́ lọ, ó sì wà níwájú!

Ó bá gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀rọ̀ tó kọ síwájú ìwé. Ti Comfort, omi ni wọ́n ń pọn sí i. Iṣẹ́ ọwọ́ ni. Tòun ni iṣẹ́ ọnà. Ó ń sọ ọ́ fún ara ẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ bí àdúrà.

Ìgbà tí wọ́n wọ ọdún ìparí, Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran kó wọn jọ.

"Lóṣù March, olùdánwò máa wá láti Èkó. Ìkòkò kan ṣoṣo ni kí kálukú gbé kalẹ̀. Ẹni tó bá gba ipò kìíní, kọ́lẹ́ẹ̀jì máa gbà á síṣẹ́, òun ló máa jẹ́ igbákejì mi."

Lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, Edith ti sọ fún bàbá. Lọ́jọ́ Sunday, bàbá ti sọ fún gbogbo ìjọ pé ọmọ òun máa di olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ti kúrò nílé.

Oṣù January ni wáyà inú ààrò jó. Síkírù tó ń bójú tó o yọ ọ́, ó dúdú, ó sì ká lọ́wọ́ ẹ̀ bí èkòló. Tuntun ń bọ̀ láti òkè òkun, àmọ́ ọkọ̀ tó gbé e wá wà lójú omi ní Apapa, ó tò sẹ́yìn àwọn ọkọ̀ míì, kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó máa gúnlẹ̀. Comfort gbọ́wọ́ sókè.

"Sà, a lè lọ sun wọ́n nílé wa. Àwọn ìyá mi máa ń sun ìkòkò ní Sátidé."

Kò sọ́gbọ́n míì, olùkọ́ gbà. Ọjọ́ kan tí wọ́n ń mọ ìkòkò lọ́wọ́, Comfort wá dúró ti Edith.

"Edith, amọ̀ òyìnbó yìí ò ní lè fara da iná wa o. Ó ti kúnná jù. Gún àpáàdì, kó o pò ó mọ́ ọn, kó lè rọ́nà mí."

Edith wo amọ̀ ẹ̀ tó funfun, tó kúnná bí àtíkè. Kóun wá da àpáàdì sí i? Bí ẹni da iyanrìn sí àtíkè ìyàwó? Lọ́kàn ẹ̀, ó ní ṣe ni ọmọ yìí fẹ́ ba tòun jẹ́.

"O ṣé o, Ìyá Alápàáàdì. Tọ́jú tìẹ, jàre."

Comfort gbé èjìká, ó lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n fẹ́ sun ún, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n wọ̀, Edith gbé tiẹ̀ lé itan bí ọmọ tuntun, ó fi gèlè ìyá ẹ̀ dì í. Ìyá Comfort ló wá pàdé wọn létí omi, obìnrin gbọọrọ kan, ẹ̀yìn ẹ̀ tẹ̀ díẹ̀.

"Kuabọ! Ẹ kú àbọ̀, ẹ̀yin ọmọ ìwé." Ó gbé ìkòkò Edith, ó yí i síwá sẹ́yìn. "Ó rẹwà o. Báwo lèèyàn á ṣe máa fọ inú ẹ̀?"

"Mà, kì í ṣe pé kéèyàn máa fọ̀ ọ́. Kéèyàn máa wò ó ni."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Bí ìyàwó olówó."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín, Comfort náà rẹ́rìn-ín. Edith kó ẹ̀rín yẹn mọ́ èyí tó ti wà láyà ẹ̀.

Wọ́n to ìkòkò jọ, wọ́n fi imọ̀ àgbọn àti igi gbígbẹ bò ó. Àmù ńlá tí Comfort mọ fún ìdánwò wà láàárín, ìkòkò ọlọ́rùn gígùn Edith sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ní abúlé yẹn, wọn ò jẹ́ ṣáná sí ìkòkò báyẹn. Gbogbo obìnrin tó bá ní ìkòkò nínú iná máa kọ́kọ́ dúró yí i ká, kálukú á mú èèpo àgbọn kan dání. Ẹni tó bá ní ẹnì kan sínú á sọ ọ́ síta lójú onítọ̀hún, á wá ju èèpo tiẹ̀ sí i. Wọ́n ní ohun téèyàn bá gbé mì, inú iná ló ti máa pọ̀ ọ́.

Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀. "Àṣàbí, ewúrẹ́ ẹ jẹ ẹ̀gẹ́ mi, o wá ń kí mi pé 'ẹ kú iṣẹ́ o' bí ẹni pé kò sí nǹkan. Inú ń bí mi sí ẹ."

"Mo gbọ́," ni Àṣàbí wí. "Ẹ má bínú. Ewúrẹ́ náà ò gbọ́ tèmi."

Èèpo bọ́ sórí igi. Ó kan Comfort. "Màámi, ẹ má sọ fún àwọn àǹtí mi mọ́ pé ọbẹ̀ mi dà bí omi tí wọ́n fi fọ ẹja." Ẹ̀rín sọ. Ó kan Edith. Gbogbo ojú wà lára ẹ̀, ti Comfort náà wà níbẹ̀, kò sí àrankàn kankan nínú ẹ̀.

"Èmi ò ní nǹkan kan lọ́kàn, mà."

"Kò sí rárá?" Ìyá Comfort ní kó tún un sọ.

"Kò sí."

Ó ju èèpo ẹ̀. Wọ́n ṣáná.

Kò pẹ́ tí iná gbé ọwọ́ sókè tí wọ́n gbọ́ "gbàù!" Wọ́n tún gbọ́ òmíràn. Nígbà tí eérú tutù díẹ̀, tí wọ́n fi igi gígùn ká a kúrò, ìkòkò ọlọ́rùn lékelèéke ti di àpáàdì funfun káàkiri. Ọ̀kan nínú àpáàdì yẹn ló ta lu ẹ̀gbẹ́ àmù Comfort, ihò tí orí ọmọdé lè wọ̀ ló wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ tí Edith gan-an sọ lẹ́yìn náà. Kó tó rántí pé tiẹ̀ fọ́, ihò ara àmù Comfort ló kọ́kọ́ rí, inú ẹ̀ sì dùn. Ìṣẹ́jú kan ṣá, àmọ́ ó dùn. Ìgbà tí ìṣẹ́jú yẹn kọjá lojú tì í.

"Ẹnì kan gbé nǹkan mì o," ni Àṣàbí ń sọ lábẹ́lẹ̀.

Edith kàwé, ó mọ̀ pé àpáàdì tóun ò pò mọ́ amọ̀ ló fà á. Àmọ́ kí ló dé tí ò pò ó? Ó jókòó lórí gbòǹgbò igi àgbọn, ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Téèyàn gba ti kọ́lẹ́ẹ̀jì, téèyàn gba ti àwọn ìyá yẹn, ibì kan náà ló ń já sí. Ká ní kò jowú ni, ì bá ti gbọ́rọ̀.

Comfort ò sunkún. Ó ń ṣa àpáàdì sínú agbọ̀n, tiẹ̀ tó pupa àti ti Edith tó funfun, ó pò wọ́n pọ̀.

"Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ṣì wà. Ó tó. Wá bá wa gún un."

Látìgbà náà, gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ni Edith ń wọkọ̀ sọdá. Wọ́n gún àpáàdì lódó, wọ́n kù ú, wọ́n pò ó mọ́ amọ̀ ọ̀sà. Ó tẹ̀ ba, ó ń fẹ̀yìn rìn. Òòyì kọ́ ọ, ó jókòó lé amọ̀ Àṣàbí. Ẹ̀yìn ń ro ó bí ẹni tó kọ ebè ọgọ́rùn-ún.

"Má wo ẹsẹ̀ ẹ," Ìyá Comfort á ní. "Ẹsẹ̀ ẹ mọ̀nà. Ìkòkò ni kó o wò."

Lọ́jọ́ kan, ó bi ìyá náà léèrè ọ̀rọ̀ tó wà níwájú ìwé ẹ̀. "Mà, èyí tí ẹ̀ ń ṣe yìí, ṣé iṣẹ́ ọnà ni àbí iṣẹ́ ọwọ́?"

Ìyá náà ronú. "Èwo ló ń jò nínú méjèèjì?"

Edith tún tẹ̀ ba, ó ń fẹ̀yìn rìn lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdánwò ni wọ́n sun ún lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n tún dúró yí i ká. Ti ewúrẹ́ tún wà níbẹ̀, ó ti tún jẹ ẹ̀gẹ́ míì. Ó kan Edith.

"Comfort, mò ń jowú ẹ." Ni ọ̀rọ̀ bá ń tú jáde. "Mò ń jowú ọwọ́ ẹ. Mò ń jowú ẹ̀yìn ẹ tí kì í ro ẹ́. Lọ́jọ́ tó o dé, Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran yí ìkòkò ẹ ká lẹ́ẹ̀mẹta, tèmi, 'Ó dáa' ni. Mo pè ẹ́ ní Ìyá Alápàáàdì, torí mi ò fẹ́ kó jẹ́ ìwọ lo máa gbà mí nímọ̀ràn. Nígbà tí àmù ẹ lu, inú mi dùn. Mò ń jowú ìyá ẹ, torí tèmi ò mọ ohun tí mò ń ṣe, ó kàn ń sọ fún èèyàn pé mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mò ń jowú bó o ṣe ń jẹ gaàrí…"

"Gaàrí kẹ̀!" ni Àṣàbí wí. "Ọmọ yìí, àpò lo rọ́ ọ sí ni?"

"Ó tó, ó tó," ni Ìyá Comfort wí. "Ilẹ̀ á ṣú bá wa. Ju èèpo ẹ."

Ó jù ú. Gbogbo wọn wá ń wo Comfort.

"Mo mọ̀, jàre," ni Comfort wí. "Ọdún méjì lo fi ń fi okùn wọn ìkòkò mi. Ṣé o rò pé mi ò rí i ni? O máa ń gbàgbé okùn síbẹ̀."

Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí "gbàù." Wọ́n fi igi gbé àwọn ìkòkò jáde bí wọ́n ṣe pọ́n bí ẹ̀yinná, wọ́n fi ìgbálẹ̀ wọ́n omi èèpo igi sí wọn lára, wọ́n ń hó ṣàà, wọ́n ń dúdú.

Ọjọ́ ìdánwò, olùdánwò wọ bàtà òyìnbó tó ń dún ko-ko-ko. Ó kọjá gbogbo tábìlì títí ó fi ku méjì, ìkòkò Edith àti àmù tuntun Comfort. Ó wo ọ̀kan, ó wo ìkejì. Ti Edith dáa o, ẹ má jẹ́ ká purọ́, àmọ́ ó fì sápá kan díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ àṣírí. Olùdánwò fọwọ́ lé àmù, ó wo Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran.

"Ọ̀gbẹ́ni, iṣẹ́ ọnà nìyí ni àbí iṣẹ́ ọwọ́?"

Olùkọ́ tó ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí kọ́ wọn fún ọdún mẹ́ta, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí àmù náà ká. Ẹ̀yìn ni ohùn kan ti wá.

"Kò jò, sà."

Edith ni. Ọ̀rọ̀ ti bọ́ kó tó rántí pé ẹni tóun ń bá du ipò lòun ń jẹ́rìí fún. Olùdánwò rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n pọnmi wá. Wọ́n da omi kún un dẹ́nu. Kò jò. Ó bu mu níbẹ̀, nínú yàrá ìdánwò, ó tún bu. Comfort ló ṣe ipò kìíní. Edith ṣe ipò kejì.

Sunday yẹn, àwọn ará ìjọ ń kí bàbá ẹ̀, "Olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa dà?" Bàbá ṣí ìwé orin, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì pe orin kankan. Edith jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń wo ọwọ́ ara ẹ̀. Gbogbo owú tó jù sínú iná yẹn ti padà wálé, ó tún ti mú ọmọ bọ̀.

Mowo ni wọ́n gbé e lọ pé kó máa kọ́ àwọn ọmọ. Kò pẹ́ tí owó epo fi já wálẹ̀. Amọ̀ inú ọ̀rá ò wá mọ́, wáyà ààrò ò dé títí dòní, aláǹtakùn ta okùn sídìí wíìlì kọ́lẹ́ẹ̀jì. Àmọ́ ní Mowo, nínú ilé ìwé tí ò ní iná, ogún ọmọ ló ń tẹ̀ ba tí wọ́n ń fẹ̀yìn rìn yí amọ̀ ká, Tíṣà á máa pariwo pé, "Ẹ má wo ẹsẹ̀ yín!"

Ọdún kẹta tó débẹ̀ ni Comfort wá. Ó ti fẹ́ ẹnì kan ní Kútọnu, ó ń kó lọ. Inú bọ́ọ̀sì ló ti gbé àmù ìdánwò yẹn lé itan láti Ijanikin wá.

"Gbà. Wọ́n ní kí n tà á, mi ò tà á. Wò ó dáadáa, àpáàdì ẹ wà lára ẹ̀."

Edith wò ó. Àwọn funfun wẹ́wẹ́ yẹn, ọrùn lékelèéke ẹ̀ ni. Ó sọ pé, "O ṣé." Fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, "Mo rà á ni" ló ń sọ fálejò.

Kò sọ bẹ́ẹ̀ mọ́ báyìí. Táwọn èèyàn bá fọwọ́ pa àmù lára tán, tí wọ́n béèrè, á ní, "Comfort Sewanu ló mọ ọ́n. Àwọn funfun yẹn ni tèmi." Á sọ ọ́ kíákíá, bí ẹni ń ju èèpo àgbọn. Lẹ́yìn náà, á bu omi tiẹ̀, á mu ún, omi á tutù dé inú, á wá máa wo àmù yẹn bí ìyálé ṣe ń wo ìyàwó tó mọ ọbẹ̀ sè.